Olóògbé Bizeki Ru Ìyẹ̀fun Opó Rẹ̀

Limbikani ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ìlú Blantyre tó gbé ọ mì. Ṣé ara le? Àwa wà láàyè níhìn-ín létí odò Shire, bí a bá lè pe kí èèyàn máa fi ewé elégédé sin omi gbígbóná sí ikùn ní wíwà láàyè. Àgbàrá kó àgbàdo wa lọ, oòrùn sì jó èyí tí àgbàrá gbàgbé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ebi tó ń pa wá pa ọ́, àmọ́ kó jẹ́ kó ta ọ́ lójú díẹ̀, kí o lè rántí ìyá rẹ.

Owó tí o ní o fi sínú fóònù, mi ò tíì rí i. Mo gbọn fóònù náà títí, mo dorí ẹ̀ kodò sórí ẹní, eruku ló jáde. Àbúrò rẹ ní Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dá a dúró lọ́nà. Bá mi kí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sọ fún un pé ẹni tó bá jẹ owó opó, kò ní rí i gbé mì.

Àwọn aláàánú kan gbé ọkọ̀ wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fún àwọn ìyá tó jẹ́ opó ní oúnjẹ. Inú mi dùn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ikú bàbá rẹ máa ṣe wá láǹfààní. Ọ̀dọ́bìnrin tó ṣáájú wọn, Zione lorúkọ rẹ̀, pè mí ní Màmá, ó ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ dígí kékeré kan lára ẹ̀rọ wọn kí àwọn lè mọ̀ bóyá èmi ni mí. Mo ní ọmọ mi, èmi náà ni, ojú mi ni wọ́n ṣe bí mi. Ó ní kí n ṣáà tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ mí. Mo ní kò burú, èmi náà ò mọ̀ ọ́n rí. Ó wo ìka mi, ó ní ọkọ́ ti họ gbogbo ìlà ibẹ̀ dànù. Baálẹ̀ ní òun wà lára àwọn tó gbẹ́ sàréè ọkọ mi. Zione ní òun gbà, ẹ̀rọ ni kò gbà. Tọ́másì inú Bíbélì fọwọ́ kàn án, ó gbà. Ti ẹ̀rọ yìí, èmi ni mo fọwọ́ kàn án, kò sì gbà.

Ló bá kan Dorofe, aládùúgbò wa, ìyàwó Bizeki. Ó ti fi aṣọ dúdú bora, ó ń sunkún bí ẹni pé àná ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fún un ní àpò ìyẹ̀fun àgbàdo, kò lè gbé e. Ta ló yọ lẹ́yìn igi máńgòrò wá bá a rù ú? Bizeki ni! Olóògbé fúnra rẹ̀, tòun ti fìlà.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú àbọ̀ láti ọ̀run o, bàbá, tí ẹ bá ń padà, ẹ bá mi kí ọkọ mi, ẹ ní oúnjẹ opó rẹ̀ ò tíì dé. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Bizeki dúró gbagidi pẹ̀lú àpò lórí. Zione wá bi mí pé ta ni ọkùnrin yẹn.

Limbikani, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Dorofe ń wò mí, ojú rẹ̀ gbẹ, ọmọ tó pọ̀n ń fa etí aṣọ rẹ̀ mu. Látìgbà tí wọ́n ti lé Bizeki lẹ́nu iṣẹ́ ní oko ìrèké, odó ilé wọn ò dún mọ́. Mo ní àbúrò olóògbé ni, wọ́n kàn jọra ni. Zione ní áà, ó mà ṣe o.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Dorofe gbé ìlàjì ìyẹ̀fun náà wá fún mi. Bizeki lóṣòó, ó pàtẹ́wọ́ kí mi, ó ní ẹ ṣé tí ẹ pa mí, Màmá. Mo ní kò tọ́pẹ́, kó ṣáà máa kú lọ bẹ́ẹ̀ títí di ìkórè. A fi ro òkèlè nsima, a jẹ ẹ́ gbóná.

Fi owó ọṣẹ àti owó irúgbìn ránṣẹ́, kí o fi lé awakọ̀ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ, pé ilé iṣẹ́ yín ti tì pa, pé ẹnu géètì olówó lo ń jí sí láti wáṣẹ́, má jẹ́ kí ìtìjú pa ọ́ síbẹ̀. Máa bọ̀ nílé. Ọlọ́run á ṣíwájú rẹ, á sì tì ọ́ lẹ́yìn. Ìyẹ̀fun ṣì kù. Mú iyọ̀ dání.

Èmi ìyá rẹ,
Enelesi