Igun Òsì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Dúró Sí

Ikọ̀ Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ ti Àwọn Obìnrin Aránṣọ,
Yàrá Kejì, Òkè Ṣọ́ọ̀bù Onífótò,
Òpópónà Ibùdókọ̀.

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Líìgì Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀,
Ilé Eré Ìdárayá,
Àjà Kẹta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌDÍ TÍ Ẹ FI GBỌ́DỌ̀ GBÉ ÌDÁDÚRÓ IKỌ̀ WA KÚRÒ KÍ ÀṢEKÁGBÁ TÓ WÁYÉ

1. Èmi ni alámòójútó ikọ̀ yìí. Mo ti kọ̀wé sí yín lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú èyí. Èsì tí akọ̀wé yín fún mi ni pé ẹ ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ẹ̀yin ọ̀gá, ohun tí èèyàn ń gbé yẹ̀ wò láti oṣù tó kọjá, ó yẹ kó ti máa wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e kalẹ̀.

2. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni gbogbo ọmọ ikọ̀ wa ti ń ránṣọ. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí a ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́. Igun òsì pápá ni ibùdúró rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kàn án lọ́wọ́ níbẹ̀, ńṣe ni àwọn yòókù máa ń yí padà lọ dáàbò bo ilé. Wọn kì í wẹ̀yìn wò, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó ti wọlé.

3. Ní oṣù kọkànlá, iná sọ nínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ sí. Èéfín dí àtẹ̀gùn iwájú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ, ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ilé-iṣẹ́ ti fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn náà láti ìta, kí òṣìṣẹ́ má baà gba ibẹ̀ kó aṣọ jáde. Àwọn tó lọ́ra kò tíì dé ibẹ̀ tí wọ́n fi rí fèrèsé tí wọ́n gbà jáde. Ẹsẹ̀ tó yá yẹn ló pa á.

4. Nínú eré àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ ikọ̀ pinnu láàárín ara wọn, láìbi mí, pé bọ́ọ̀lù tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, igun òsì ni wọn yóò jù ú sí, ẹnikẹ́ni kò sì ní dúró níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Bọ́ọ̀lù náà ta lẹ́ẹ̀mejì, ó yí lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Òwò ni mo kọ́ ní yunifásítì. N kì í fẹ́ kí nǹkan ṣòfò, mo sì bá wọn wí. Ẹni tó jù ú dá mi lóhùn pé, “Àǹtí, a ò jù ú nù. Ibi tó máa ń dúró sí la jù ú sí.” N kò bá wọn wí mọ́.

5. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó tẹ̀lé e. Àwọn alátakò, tó yẹ kó sáré lọ gbé bọ́ọ̀lù, kàn dúró títí tó fi yí tán, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún rẹfirí. Kó tó pẹ́, àwọn ikọ̀ mìíràn ti ń ju tiwọn náà sí igun òsì. Àwọn òǹwòran wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé ṣé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn. Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà ni onígbọ̀wọ́ líìgì yín, ìjókòó iwájú sì ni tirẹ̀. Ọjọ́ tí ìbéèrè yẹn dé etí rẹ̀, ọjọ́ kejì ni lẹ́tà ìdádúró wa jáde.

6. Lẹ́tà yín ní a tàbùkù eré. Mo ti ka ìwé òfin yín láti páálí dé páálí. Ó ní kí ẹni márùn-ún wà lórí pápá. A pé márùn-ún. Ìyà ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù síta ni pé kí bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Rẹfirí ti gbà á lọ́wọ́ wa. Èwo wá ni ìyà ẹlẹ́ẹ̀kejì? Akọ̀wé yín ní eré la wá ṣe, a kò wá ṣọ̀fọ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

7. Ó tún ní bí a bá fọwọ́ sí i pé a ó máa fi ènìyàn sí igun yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo gbìyànjú rẹ̀ níbi ìgbáradì. Mo ní kí ọmọ tuntun kan, tí kò bá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pàdé rí, lọ dúró síbẹ̀. Ó lọ, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó ń fàyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní kó padà sí ààyè rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Àǹtí kan wà níbẹ̀.” Èmi kì í rí òkú. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ fún un pé irọ́ ló ń pa.

8. Igbákejì balógun ikọ̀ wa ló ń jókòó báyìí sídìí ẹ̀rọ tó sún mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn jù. Kó tó jókòó láràárọ̀, ó máa ń fi èjìká tì í wò. Kò tíì ṣí rí. Mo ti lọ wò ó láti ìta. Àgádágodo tuntun náà tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

9. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ gbé ìdádúró yìí kúrò kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta tí àṣekágbá máa wáyé. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ máa dá wa dúró lọ, kí ẹ gbé ife fún ẹni tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ yín ló ni ilé-iṣẹ́ náà, ẹ̀yin ló máa gbà láàyè láti wọlé. Ẹ rán ẹnìkan lọ sí ilé-iṣẹ́ náà lọ́jọ́ iṣẹ́. Kó gba àárín àwọn ẹ̀rọ kọjá lọ sẹ́yìn, kó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti inú. Bí kò bá ṣí, kó dúró níbẹ̀ díẹ̀ kó tó padà.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín tí ń dúró dè yín,

Àǹtí Kíákíá, bí gbogbo líìgì ti mọ̀ mí,
Alámòójútó Ikọ̀.