Ọkùnrin Tó Ń Juwọ́ Lápá Òsì

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kẹsàn-án

Mo ti pinnu: Yorùbá nìkan ni màá máa kọ sínú ìwé yìí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sá fún mi, màá gba ẹ̀yìn yọ sí i.

Lónìí la kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Wákàtí mẹ́rin àlọ, mẹ́rin àbọ̀. Bọ́ọ̀sì ńlá funfun — mo ti sọ ọ́ ní Ìgbín. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bàámi fi wa irú rẹ̀ lójú títì yìí kan náà, kí ojú tó lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Òní ni wọ́n di èrò. Ojú ọ̀tún ti kú pátápátá. Ti òsì ń rí òjìji, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní kí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń ríran ni kó jókòó síbẹ̀, kó sì máa ròyìn. "Ìwọ lojú mi báyìí." Mo gbé àyà sókè bí ọlọ́pàá.

Wọ́n ní iwájú nìkan làwọn máa ń wò nígbà táwọn ń wakọ̀. Àwọn ò mọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àfi ẹnì kan.

Ẹni náà ni Alága. Bí èèyàn bá ń bọ̀ wálé, lẹ́yìn kọ́nà ńlá àti gegele méjì, ilé kan wà lápá òsì. Ọkùnrin kan máa ń jókòó sórí àga níwájú rẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì Bàámi bá ti yọ, á juwọ́ sókè. Bàámi náà á tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ rí. Bàámi ò mọ orúkọ rẹ̀. Nítorí àga yẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Alága. Wọ́n ní kí n bá àwọn wò ó tá a bá ń bọ̀.

Dókítà ò sọ nǹkan gidi. Ó ṣáà ń na ìka sókè: mélòó nìyí? Mélòó nìyí? Dókítà Mélòó. Ó ní ká máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun fẹ́ gbìyànjú oògùn kan lójú òsì.

Nígbà tá à ń bọ̀, ọkàn mi lọ. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe mí láti kékeré, gbàrà tí mo bá ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé: màá fi orí ti gíláàsì, màá máa wọ ilé onílé. Ilé onílẹ̀kùn aláwọ̀ aró yẹn — èmi ni mo ni ín. Obìnrin tó ń sá aṣọ — mo mọ̀ ọ́n, ó ń retí mi. Ilé á kọjá, màá kó ẹrù mi lọ sí òmíràn.

Bàámi fọwọ́ kàn mí lórúnkún. Ṣé ó juwọ́?

A ti kọjá ibẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan.

"Wọ́n juwọ́, Bàámi."

Bàámi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ títí a fi délé. Ọ̀rọ̀ kékeré báyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù kẹsàn-án

Ìyá Onílé, tí wọ́n ń gbé yàrá iwájú, ní Yorùbá mi dà bí ẹni tó wọ bàtà oníbàtà: ó ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ ilẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní èébú làwọn bú mi o.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kẹsàn-án

Lónìí mi ò jẹ́ kí ọkàn mi lọ síbì kankan. Nígbà tá à ń bọ̀, Bàámi ń fi ara ka ọ̀nà bí ẹni ń kàwé. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìyí. Àkùrọ̀ wà lápá ọ̀tún. Kọ́nà ńlá ti dé, di nǹkan mú. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Gegele kìíní. Ìkejì. Mo la ojú sílẹ̀ kedere.

Kò sílé.

Ilẹ̀ pupa tí wọ́n gé wọlé. Òkìtì búlọ́ọ̀kù fífọ́, koríko ti hù lórí rẹ̀. Ìdajì ògiri kan tó ga dé ìbàdí, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé nígbà kan rí. Katakata kan tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Wọ́n ń fẹ títì lójú.

Bóyá mo ṣì í kà ni. Bàámi ti ń fọwọ́ kàn mí lórúnkún. Mo sì ti sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ó juwọ́. Ẹni tó juwọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, báwo ni koríko ṣe máa hù sórí ilé rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?

Mo ní ó juwọ́. Mo ní ó dé fìlà.

Fìlà kẹ̀? Bàámi ní Alága kì í dé fìlà.

"Bóyá irun ti ń tán lórí wọn, sà."

Bàámi rẹ́rìn-ín débi pé ìyá tó jókòó níwájú wa yíjú padà wò wá. Wọ́n ní Yorùbá ti ń yọ̀ lẹ́nu mi. Ìtìjú ni láti kọ ọ́ — inú mi dùn.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù kẹsàn-án

Òjò. Mi ò jáde.

Mo ń ronú kan ọjọ́ tí àǹtí mi wá mú mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, àǹtí ń gbé lókè òkun, wọ́n ní ibẹ̀ á dáa fún mi. Bàámi ló wa ọkọ̀ tó gbé wa lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀yìn ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ń wá Màámi nínú gbogbo ilé tá a kọjá. Mo rò pé ibì kan ni wọ́n fi wọ́n sí. Mi ò wo Bàámi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà.

Ọdún mẹ́rìnlá kí n tó tún rí wọn. Nígbà tí màá fi dé, àwọn náà ò rí mi dáadáa mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù kẹsàn-án

Láti àárọ̀ ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ jọ.

Gegele méjì kọjá. Ojú mi wà lára òkìtì yẹn, ẹnu mi wà nínú ilé. Mo ní wọ́n ti tún ilé kùn. Mo ní Alága ti fi tìmùtìmù sórí àga. Mo ní obìnrin kan gbé abọ́ omi jáde, ó gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga, ó gbọ́wọ́ lé èjìká ọkùnrin náà, òun náà sì juwọ́ sí wa. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn gígùn, tó tẹ orí díẹ̀ sápá kan bí ẹni ń gbọ́ nǹkan. Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó mọ̀ pé Màámi ni, bí wọ́n ṣe rí nínú fọ́tò tí mo gbé lọ sókè òkun.

Bàámi yí ojú wọn sí fèrèsé.

"Ó níyàwó." Lẹ́yìn náà: "Mo máa ń rò pé ṣe ló dá wà, bíi tèmi. Inú mi dùn sí i."

Mi ò sọ Yorùbá gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láìkọsẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù kẹsàn-án

Màá sọ òtítọ́ fún Bàámi lọ́la.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù kẹsàn-án

Mi ò sọ. Bàámi ń ròyìn ìyàwó Alága fún Ìyá Onílé lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tiẹ̀ fi omi inú abọ́ yẹn kún un pé ó tutù.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù kẹsàn-án

Dókítà Mélòó ò na ìka kankan lónìí. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ Bàámi. Ó ní oògùn ò ràn án. Ojú òsì náà ń lọ, kò ní ju oṣù díẹ̀ lọ mọ́, ká má wulẹ̀ máa fìyà ọ̀nà jẹra wa. Bàámi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìgbà tó fún wọn lẹ́bùn. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìta ni mo ti sunkún, mo rọra ń sun ún kí wọ́n má baà gbọ́.

Níbi tá a ti ń dúró de Ìgbín, wọ́n ní kí n ra búrẹ́dì ńlá méjì. Mo rò pé ti ilé ni. Àfi ìgbà tá a wọ ọkọ̀ tí wọ́n ń bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀. Ọmọ iṣẹ́ wọn ni dírẹ́bà yìí láyé ọjọ́un, ọ̀gá ló ń pè wọ́n. Wọ́n ní lẹ́yìn gegele kejì kó bá àwọn dúró díẹ̀. Àwọn ò tún ní gba ọ̀nà yìí mọ́. Àwọn fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kí ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀. Bí ojú ò bá rí i, kí ọwọ́ ṣáà bọ ọwọ́.

Dírẹ́bà ní kò sí wàhálà, ọ̀gá mi. Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà sójú ọ̀nà yìí. Kò mọ nǹkan kan.

Wákàtí mẹ́ta ni mo fi ń wo ìta. Kò sílé kankan tó gbà mí. Gbogbo ilé jẹ́ ilé lásán: òrùlé, ilẹ̀kùn, aṣọ lórí okùn. Bàámi ń nu ẹ̀wù wọn. Wọ́n bi mí bóyá kọ́là wọn dúró dáadáa. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àkùrọ̀. Kọ́nà ńlá.

"Bàámi, kò sílé níbẹ̀."

"Níbo?"

"Ibi tí Alága ń gbé. Wọ́n ti wó o. Wọ́n ń fẹ títì lójú."

"Láti ìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí n tó wo ibẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò tiẹ̀ wò ó."

Gegele kìíní gbé wa sókè, ó sọ̀ wá kalẹ̀.

"Obìnrin yẹn ńkọ́?"

"Kò sí obìnrin kankan, sà."

Ìkejì. Dírẹ́bà ti ń dẹ ẹsẹ̀. Ó ké láti iwájú pé ọ̀gá, ṣé ibí ni? Bàámi ní kó máa lọ.

Mo bẹ̀bẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí mo mọ̀ ni mo sọ tán, wọn ò pọ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bàámi gbé búrẹ́dì sí itan. Nígbà tá a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, wọ́n ní:

"Ó dùn ún gbọ́ ṣá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù kẹsàn-án

Wọn ò bínú. Wọ́n jẹun, wọ́n kí mi, wọ́n ní ṣé mo sùn dáadáa. Wọ́n fi búrẹ́dì kan ta Ìyá Onílé lọ́rẹ. Wọn ò bi mí léèrè ohunkóhun tó wà níta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù kẹsàn-án

Àwọn dírẹ́bà tó bá Bàámi ṣiṣẹ́ rí ń bọ̀ wá kí wọn lọ́sàn-án yìí. Bàámi ní kí n bá àwọn mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Mo lọ̀ ọ́, mo gbé e wá. Mo ní, "Èyí tó funfun nìyí, Bàámi." Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n fọwọ́ pa á láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, wọ́n ka bọ́tìnnì rẹ̀. Wọn ò wọ̀ ọ́. Wọ́n gbé e kọ́ apá, wọ́n fọwọ́ tọ ògiri jáde.

Mo gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá iwájú. Wọ́n rọra sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ilé wa kéré.

"Ìyá Onílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ṣẹ́ẹ̀tì yìí. Ṣé funfun ni?"

"Funfun báláú ni. Ṣé ọmọ yín ò sí nílé ni?"

"Ó wà nílé."