Igbá Àgbàdo Àkọ́kọ́

Kambolé, 1955

Ẹ̀gbọ́n mi Yàhàyá,

Mo kí yín ní Lomé, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Bàbá ń kí yín. Ìyá náà ń kí yín. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n. Iṣu ta dáadáa, àmọ́ ọ̀bọ jẹ lára àgbàdo ọ̀nà Goubi.

Ẹ ní ẹ fẹ́ ra groupe, ẹ̀rọ amúnáwá, tó tóbi ju èyí tó ń fún ilé àti ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo níná, torí moteur tí ẹ fi ránṣẹ́ láti máa yí ẹ̀rọ náà kọ̀, kò yí. Ẹ má rà á. Bàbá ló fàáké kọ́rí pé igbá àgbàdo àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ẹ̀rọ kí a tó tan án. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé ọmọ ọlọ sórí ọlọ tó ṣófo, ebi ló ń pè. Bí a bá sì tan án pẹ̀lú àgbàdo lẹ́nu, moteur á kérora, iná ilé á ṣe bàìbàì, groupe á kú.

Mẹkaníìkì kan ní Sokodé sọ fún mi pé ìgbà tí moteur bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ló ń jẹ iná jù. Bó bá ti ń sáré, díẹ̀ ló ń fẹ́. Nítorí náà, bí Bàbá bá ti lọ kírun àsùbáà, mo máa ń pa iná ilé, mo sì máa ń tan ẹ̀rọ lófìfo. Wọ́n á dé bá a tó ń yí, wọ́n á ṣe bísímílà, wọ́n á da igbá tiwọn sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Ẹ bá wa wá oògùn orúnkún Ìyá. Ọlọ́run á mú yín délé láyọ̀ lọ́dún Iléyá.

Mo rò pé Bàbá ò mọ̀. Àmọ́ Lèmọ́mù sọ fún mi lánàá pé bí ìrun bá parí, Bàbá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, bàtà lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ni wọ́n tó ń wọ̀ ọ́.

Àbúrò yín,
Bàṣírù