Àtẹ Èsì Tí Mo Kà Láti Ìsàlẹ̀

Ìyá mi àtàtà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Báwo ni orúnkún yín? Mo gbàgbọ́ pé oògùn tuntun tí dókítà kọ fún yín ti ń ṣiṣẹ́, àti pé ẹ ń lò ó, ẹ kò kàn tọ́jú ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ bíi ti ìjọsí. Ara èmi náà le. Ọpẹ́ ni mo wá dú lọ́dọ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tiwa ni láti kó èsì ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ̀rún kan àti irínwó jọ sínú àtẹ kan, ká sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún yìí, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni èsì tó kẹ́yìn wọlé, aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ la sì gbọ́dọ̀ gbé e jáde. Ọ̀gá wa, tí à ń pè ní Ọ̀gá Aago lẹ́yìn rẹ̀ nítorí pé ó máa ń wo aago kó tó dáhùn ìkíni, ti ṣèlérí fún gbogbo oníwèé ìròyìn pé ìṣẹ́jú kan kò ní yẹ̀ ẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká mi lára. Ọmọ méjìlá péré ló ṣe ìdánwò. Wọ́n ti kìlọ̀ fún ọ̀gá wọn obìnrin pé bí àwọn tó yege kò bá tó ìdajì lọ́tẹ̀ yìí, títì ni wọ́n máa ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa. Nígbà tí mo rí i pé mọ́kànlá yege, mo pariwo ayọ̀ nínú ọ́fíìsì.

Ní aago mọ́kànlá Ọjọ́bọ̀, gbogbo ẹ̀ ti parí. Kọ̀ǹpútà ti ròpọ̀, iye rẹ̀ sì pé. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣàyẹ̀wò máàkì àwọn ọmọ kíláàsì yín nígbà tí ẹ ṣì ń ṣe tíṣà, tí ẹ á fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tí èmi á máa ka máàkì, tí ẹ̀yin á máa fàmì sí i. Ẹ máa ń sọ pé, "Kí ojú tó dé ìsàlẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀." Nígbà yẹn, ṣe ni mo máa ń dijú mágbárí. Mo mú rúlà, mo gbé e lé ojú kọ̀ǹpútà. Obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wá wò ó o, ó fẹ́ wọn kọ̀ǹpútà!"

Ìyá mi, ìlà àkọ́kọ́ láti ìsàlẹ̀ ní orúkọ, kò ní èsì. Bí mo ṣe ń gòkè ni mò ń rí i pé èsì aládùúgbò ni ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbé dání, títí dé àárín àtẹ. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí kò fi ọmọ kankan sílẹ̀ fún ìdánwò. Lọ́jọ́rú, mo yọ ìlà rẹ̀ tó ṣófo kúrò lára èsì, mo gbàgbé láti yọ orúkọ rẹ̀. Iye àpapọ̀ pé nítorí pé nǹkan kan kò sọnù, ṣe ni àwọn èsì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kàn sún sókè ní ìlà kan. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré mi wá di èyí tí ọmọ mẹ́ta péré yege níbẹ̀.

Mo tọ ọ̀gá lọ. Mo ní, "Ọ̀gá, àtẹ yìí ti yẹ̀. Ọwọ́ mi ló ṣe é." Ó wo aago, ó wò mí, ó gbé fóònù. Ó sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé, "Ẹ má bínú, ó di aago méjì." Ló bá fa àga, ó ń kà, mò ń fàmì sí i, láti ìsàlẹ̀, ìlà tó lé ní ẹgbẹ̀ta, pẹ̀lú ìwé tí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí. Ẹni tó fi mí rẹ́rìn-ín ló di rúlà mú. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjì lù, a parí. Ọ̀gá ní, "Wọ́n á gbàgbé pé a pẹ́. Wọn ì bá má gbàgbé irọ́ inú àtẹ yẹn láé."

Ẹ ṣeun, Ìyá mi. Ẹ ṣeun fún gbogbo ọjọ́ tí ẹ fi mí jókòó tì yín tí mò ń kùn. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́, ojú yín kò ní rí ibi.

Èmi ni,
Àbíkẹ́yìn yín, tó ń ka máàkì fún yín nígbà kan.

Mo tún rántí: Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kékeré náà pè wá lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì. Wọn ò ní tì í mọ́. Ó ń sunkún, ó ní ta ni kí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ohun tí wọ́n ṣe la kàn kọ sílẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí kò yege ti dé láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú báàgì ẹ̀, ó jókòó sí àyè ẹ̀, ó ní òun fẹ́ tún un ṣe.