Tíṣà Tún-un-Kà, Ẹni Tó Kó Ọmọ Iléèwé Lọ Kí Olùkọ́

Ọdún 1941 ni wọ́n bí màmá wa sínú ilé káfíńtà tó ń kan bẹ́ǹṣì fún iléèwé. Aránṣọ ni ìyá wọn. Wọ́n máa ń sọ pé inú èérún igi ni àwọn ti kọ́ ìrìn.

Ní 1947 wọ́n bẹ̀rẹ̀ iléèwé lọ́dọ̀ olùkọ́bìnrin kan tí kì í gbóhùn sókè. Ní 1962 àwọn náà di olùkọ́. Ní 1965 wọ́n fẹ́ bàbá wa, atúnrédíò-ṣe, ẹni tó máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé òun nìkan ni ọkọ tí ìyàwó ń fi bírò pupa tún lẹ́tà ìfẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ní 1973 màmá gbọ́ pé ojú olùkọ́ wọn àtijọ́ ti fọ́, kò sì sẹ́ni tó ń yà kí i. Wọ́n ní àwọn yóò kó kíláàsì àwọn lọ sílé rẹ̀. Ọ̀gá iléèwé kọ̀ jálẹ̀, ó ní bí wọ́n bá dán an wò, òun yóò ní kí wọ́n gbé màmá kúrò ní iléèwé náà. Màmá kò bá a jà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ̀ lé àwọn wá wo ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Ó gbà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ kékeré olùkọ́ náà, wọ́n ń kàwé fún ìyá arúgbó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀kan fo ọ̀rọ̀, ìyá na ìka sókè.

“Tún un kà, ọmọ mi.”

Ọ̀gá iléèwé yíjú sí fèrèsé. Lójú ọ̀nà ilé ló sọ fún màmá pé, “Ẹ jẹ́ ká máa wá lọ́dọọdún.”

Bí ọjọ́ ìyìn olùkọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò wa nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni màmá ti mú ọ̀rọ̀ tó di orúkọ ìnagijẹ wọn. Títí dòní, àwọn ọmọ ń lọ kàwé fún olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá dé, wọn a ní kí olùkọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọmọ a sì máa kọ́ olùkọ́. Màmá kò gba ẹ̀bùn olówó ńlá láàyè. Wọ́n ní kí ọmọ mú ohun tó kọ́ wá.

Nígbà tí màmá náà fẹ̀yìn tì ní 1996, ilé wa làwọn ọmọ kọ́kọ́ yà. Kí màmá tó rántí láti fún wọn lómi, màmá ti tún kíkà gbogbo àwọn ọmọ náà ṣe.

Olùfọkànsìn ni màmá. Wọ́n kọ́ àwọn àgbà ilé ìjọsìn wa ní ìwé mímọ́ kíkà, ìyá bàbá wa náà sì wà lára wọn.

Ní 2023 wọ́n sinmi ní ìrọ̀rùn, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sáyé lọ: nọ́ọ̀sì kan, atúnrédíò-ṣe kan àti olùkọ́ méjì. Wọ́n tún fi ọmọ-ọmọ àti àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀.

Ìyá wa, ẹ ti ṣiṣẹ́, iṣẹ́ yín sì dára. Ẹ máa sinmi lálàáfíà. Àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ ti ń kọ́ ọmọ.