Ẹ Jẹ́ Kí Orúkọ Gbogbo Èrò Dé Èbúté

Yàrá Kejì, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ilé Iṣẹ́ Tíkẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Ojú Omi,
Òpópónà Èbúté.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìrìnnà Ojú Omi,
Ilé Alájà Mẹ́ta,
Ẹnubodè Èbúté.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌLÀNÀ XML TÍ Ó Ń GBA ORÚKỌ ÈRÒ KAN ṢOṢO LÓRÍ TÍKẸ́Ẹ̀TÌ

1. Ọpẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin wà nílé mi ní àlàáfíà. Ìyá mi ń bínú bàtà rẹ̀ tí omi gbé lọ. Inú mi dùn pé bàtà nìkan ni.

2. Èmi ni mo ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ń fi orúkọ èrò ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa sí èbúté. Nínú ìlànà XML tí ẹ fún wa, èyí tó ń sọ bí a ṣe gbọ́dọ̀ to ìsọfúnni kí kọ̀ǹpútà yín lè kà á, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ààyè "èrò" lè jẹyọ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́rin a máa wọkọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Mo kọ̀wé sí yín lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí èsì.

3. Bí a tilẹ̀ ń sunkún, à á máa ríran: èmi náà lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Mo to gbogbo orúkọ sínú ààyè kan náà, mo fi kọ́mà là wọ́n. N kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà èbúté ń gé e níbi kọ́mà àkọ́kọ́, tí ó sì ń da ìyókù nù.

4. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, ọkọ̀ tí ìyá mi àti àbúrò rẹ̀ wọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan forí sọ òkúta, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn adóòlà ẹ̀mí ń pe orúkọ láti inú ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde. Orúkọ ìyá mi wà níbẹ̀. Ti àbúrò rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tí ó sì jókòó sí yàrá ìsàlẹ̀, kò sí. Olórí wọn ní iye ti pé, kí wọ́n máa lọ. Ìyá mi di okùn ọkọ̀ wọn mú, ó ní: "Ìwé yín lè pé, àbúrò mi ò pé. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gé ọwọ́ mi." Ọ̀kan nínú wọn padà wọlé. Omi ti mu àbúrò ìyá mi dé orúnkún, ó ń fọwọ́ wá ọ̀nà kiri lára ògiri, kò rí àtẹ̀gùn; adóòlà náà gbé e jáde.

5. Ohun tí mo ń bẹ̀ kò gbà ju ọ̀sán kan lọ. Ẹ yí ìlànà náà padà kí ààyè "èrò" lè jẹyọ léraléra, gẹ́gẹ́ bí iye èrò bá ṣe pọ̀ tó. Bí iye èrò àti orúkọ kò bá sì bára mu, kí kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́, kí ó pariwo, kí ó má gé e ní bòókẹ́lẹ́. Mo ti kọ àtúnṣe náà, mo so ó mọ́ ìwé yìí. Ní báyìí, tíkẹ́ẹ̀tì kan fún èrò kan ni à ń tà. Àwọn oníbàárà ń kùn, n kò bá wọn jà.

6. Àbúrò ìyá mi ti ń di ẹrù rẹ̀. Ó ní ilé òun ń pe òun, ọkọ̀ ojú omi náà ni òun ó sì wọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Mo bẹ̀ yín, ẹ fọwọ́ sí àtúnṣe náà kó tó di ọjọ́ náà.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọkàn tó ti balẹ̀,

(Ìbuwọ́lùwé)
Akọ̀wé Ètò Kọ̀ǹpútà,
Ilé Iṣẹ́ Tíkẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Ojú Omi.