Orúkọ Yín Lórí Fọ́ọ̀mù Mi

Bàbá mi, onídùúró mi,

Ẹ kú ìsinmi. Mọ́mì ní kí n kí yín. Eékún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣì ń bá àwọn ayálégbé òkè jà nítorí omi ẹ̀rọ. Gọ́tà iwájú ilé wa ní Ìkòsí ṣì ń kún bí òjò bá rọ̀, ẹ má rò pé nǹkan púpọ̀ ti yí padà. Èmi ni mo yí padà, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní ọdún kejì tí ẹ kú, mo kọ orúkọ yín síbi tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ onídùúró sí. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ni. Wọ́n béèrè ẹni tí wọ́n lè pè bí mi ò bá san, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo tẹ nọ́ńbà yín. Láti ìgbà tí mo ti wọ iléèwé, ẹ̀yin náà ni mò ń kọ síbẹ̀. Bóyá mo rò pé wọn ò lè rí òkú pè. Bóyá mi ò tíì gbà pé ẹ ti lọ. Èwo ló burú jù nínú méjèèjì, Bàbá?

Àlùbọ́sà ló gbé mi débẹ̀. Ẹ rántí pé mò ń gba ọjà lọ́wọ́ Alhaji Sání ní Mile 12, ọgọ́ta àpò, ọgọ́rin àpò, láì san kọ́bọ̀ títí n ó fi tà á tán. Wọn ò bá mi kọ̀wé kankan. Ọmọ bàbá onírin ti Owódé ni mo jẹ́ lójú wọn, ìyẹn náà sì tó. Ojú mi wá ń wá odindi tírélà. Mo lọ yáwó ní báńkì kékeré kan, mo san owó àlùbọ́sà náà sílẹ̀, tírélà bá bà jẹ́ sọ́nà, òjò pa ọjà náà fún ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n ká tapólì rẹ̀ kúrò, àwọn alábàárù fi aṣọ bomú. Mo yáwó lórí fóònù kí n lè san ti báńkì, mo tún yá òmíràn kí n lè san ti fóònù. Kí ọdún tó parí, mo ti kógbá sílé. Ṣọ́ọ̀bù lọ, fíríìjì lọ, wúrà tí ẹ rà fún mi nígbà ìgbéyàwó náà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú nípa wúrà yẹn.

Nígbà tó yá, àwọn ará fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀, pé ajẹgbèsè ni mí. Wọn ò yọ yín sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé Mọ́mì ṣì ń fi fóònù yín sí iná, nítorí àwọn tí kò tíì gbọ́ pé ẹ ti kú, kí wọ́n má baà pè títí kí ẹnikẹ́ni má dáhùn. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà wọlé síbẹ̀, Mọ́mì sì kà á. Ní ọjọ́ kẹrin, Mọ́mì gbé fóònù náà síwájú mi lórí tábìlì.

"Wọ́n ń wá bàbá ẹ nítorí ẹ."

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Wọn ò bú mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èmi rí ẹ̀sín lójú kòrókòró, mi ò kú, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo kàn ń gbà lọ sọ́jà.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Alhaji Sání nítorí owó ọjà wọn tó ṣì wà lọ́rùn mi. Wọn ò pariwo, wọ́n ní kí n máa san bí mo bá ṣe ń rí, àmọ́ wọn ò ní gbé ọjà fún mi mọ́ láì gba owó lọ́wọ́ mi. Ní báńkì, ọmọbìnrin kan ló la ọ̀rọ̀ yé mi: orúkọ mi ti wọ ìwé tí gbogbo báńkì jọ ń yẹ̀ wò, bí mo bá sì san tán, kò ní mọ́ lọ́jọ́ kan. Ó ní kí n máa san kékeré lásìkò, ó sàn ju ńlá tó pẹ́ lọ. Mo rántí yín. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ẹ̀yin tí ẹ kì í fojú rí ẹlẹ́dẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta àlùbọ́sà ní àwo-àwo lábẹ́ agbòjò. Ìyá Wàsíù, tó ń darí àjọ àwọn obìnrin mẹ́wàá ní ìlà wa, gbà mí wọlé bí ẹnì kẹwàá, àmọ́ wọ́n ní èmi ni n ó máa kó kẹ́yìn. Ẹ mọ bí àjọ ṣe rí. Ẹni tó kọ́kọ́ kó lè sá lọ, ẹni tó ń kó kẹ́yìn ti san tán kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ibi tí wọ́n bá tò ọ́ sí lo fi máa mọ bí wọ́n ṣe rí ọ. Ó dùn mí dé egungun, mo ní mo gbọ́. Ìkẹwàá ni mo kó lákọ̀ọ́kọ́, ìkẹwàá náà ni mo tún kó lẹ́ẹ̀kejì, báńkì ni gbogbo rẹ̀ bá lọ. Ọjọ́ tí ibà dè mí mọ́lẹ̀ pàápàá, mo rán owó lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n tò mí sí ìkẹrin. Mo sunkún sínú àwo àlùbọ́sà, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè.

Ti àwọn ará fóònù ni mo kọ́kọ́ san tán, oṣù tó kọjá ni mo wá san ti báńkì tán. Ọmọbìnrin yẹn wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ mi ti ń mọ́ bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Alhaji Sání gbé àpò márùn-ún fún mi láì gba owó. Márùn-ún péré, Bàbá, àmọ́ mo gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Bọ́lá, tó ń ta ẹja yíyan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fẹ́ yáwó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti fi ra ẹ́ńjìnnì sí ọkọ̀ ojú omi ọkọ rẹ̀. Ó ní kí n wá dúró fún òun. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo bi í bóyá kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

"Mo gbọ́ nàá, Aunty," ó ní. "Ẹni tó kó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì tí ò sá, ta ni mo tún fẹ́ bẹ̀?"

Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀yin ni mò ń rò. Kí ẹ tó dúró fún onírin kankan, ẹ máa ń lọ sílé rẹ̀, ẹ ó ní kí wọ́n fún yín lómi mu. Ẹ kì í wo àga, ẹ kì í wo tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n ṣe gbé omi náà wá lẹ máa ń wò, bóyá wọ́n fọ ife, bóyá tọkọtaya sọ̀rọ̀ síra wọn bí èèyàn. Nígbà náà lẹ ó tó yọ báírò nínú fìlà, ẹ ó yọ ahọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ẹ ó kọ orúkọ yín ní kíkún. Ẹnì kan ṣì fún yín lómi tó mọ́, ó sì sá lọ. Odindi ọdún kan lẹ fi san owó rẹ̀, tí à ń jẹ ẹ̀wà láàárọ̀ lálẹ́. Kí ló dé tí ẹ tún ń dúró fún èèyàn lẹ́yìn ìyẹn? Ó yẹ kí n ti bi yín nígbà tí ẹ wà láyé.

Lọ́jọ́ Sunday, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé Bọ́lá ní Agbóyì. Ẹ̀rù omi bà mí, mo di pákó ọkọ̀ mú títí a fi gúnlẹ̀. Nígbà tí mo jókòó, mo ní òǹgbẹ ń gbẹ mí. Ìyá ọkọ Bọ́lá ní kí wọ́n má fún àlejò lómi lásán, kí wọ́n wá nǹkan tí n ó fi panu. Ọkọ Bọ́lá dìde fúnra rẹ̀, ó gba ife lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó tún un fọ̀. Omi náà ń rùn díẹ̀ bí èéfín ẹja. Mo mu ún tán.

Mo wá bẹ̀ wọ́n fún báírò. Mo kọ orúkọ mi ní kíkún sórí fọ́ọ̀mù Bọ́lá, mo kọ nọ́ńbà mi sábẹ́ rẹ̀. Mo fura pé mo yọ ahọ́n síta.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Mọ́mì pé wọ́n lè pa fóònù yín báyìí, kò sẹ́ni tó tún máa wá yín nítorí mi. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Kò pẹ́ tí mo rí i tí wọ́n tún fi fóònù náà sí iná.

Ẹ sinmi dáadáa, Bàbá. Mo fẹ́ràn yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ ò ní láti dúró fún mọ́.